Ọkọ̀ Ojú Irin àti Rélùwéè: Àgbéyẹ̀wò Orírun àti Ìtumọ̀ Wọn

Ní Ọ̀tà, ní Ṣàngó Ọ̀tà àti ní gbogbo àyíká tí ó lọ láti Ìjókò dé Àgbàdo, orúkọ méjì ni àwọn ènìyàn sábà máa ń pe ohun ìrìnnà tí ó ń rìn lórí irin. Àwọn kan ń pè é ní rélùwéè, àwọn mìíràn ń pè é ní ọkọ̀ ojú irin, ẹnì kan náà sì lè lo orúkọ méjèèjì nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láìfura pé òun ti bọ́ sórí òmíràn. Nínú ìwé ìròyìn àti lórí rédíò, ọkọ̀ ojú irin ni ó gbilẹ̀. Lẹ́nu ọlọ́jà tí ó ń kó ẹrù lọ sí Ìdó tàbí Òyìngbò, rélùwéè ni. Ohun tí àgbéyẹ̀wò yìí wà fún ni láti wá ibi tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ti ṣẹ̀ wá, láti wo ohun tí ó ń tọ́ka sí níbẹ̀rẹ̀ àti bí ìtumọ̀ rẹ̀ ṣe fẹ̀ tàbí ṣípò padà, àti láti fi ibi tí ó kù sí hàn nínú iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń fi rán an lónìí. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ èdè nìkan, nítorí pé Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí Ọ̀tà wà, ni wọ́n yàn fún ilé-iṣẹ́ tí yóò máa to irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ, àwọn ọ̀dọ́ tí yóò sì kọ́ iṣẹ́ náà nílò orúkọ tí ó dá ohun kọ̀ọ̀kan mọ̀.

Ojú irin tí ó la agbègbè náà kọjá ti pẹ́. Ní 1896, nígbà tí Èkó wà lábẹ́ àkóso ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ojú irin tí yóò ti etí òkun wọ àárín ilẹ̀ Yorùbá. Ó gba ilẹ̀ Àwórì kọjá, ó gba Àgbàdo àti Ìjókò, ó kan Ìfọ̀, ó dé Abẹ́òkúta, ó sì wọ Ìbàdàn, níbi tí Gómìnà William MacGregor ti ṣí i ní gbangba ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹta, 1901. Àlàfo tí ó wà láàárín irin méjèèjì tí àgbá ọkọ̀ náà ń tẹ̀ jẹ́ mílímítà 1,067, èyí tí ó mú kí wọ́n máa pè é ní ojú irin tóóró. Ó dé Òṣogbo ní 1907. Ní 1912 ni wọ́n pa á pọ̀ mọ́ èyí tí ó ti Bárò lọ sí Kánò lábẹ́ ẹ̀ka ìjọba kan, ní 1955 sì ni ẹ̀ka náà di àjọ tí ń jẹ́ Nigerian Railway Corporation. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin àtijọ́ yìí ni ilé-iṣẹ́ CCECC láti ilẹ̀ Ṣáínà ti ṣe ojú irin fífẹ̀, tí àlàfo tirẹ̀ jẹ́ mílímítà 1,435, tí ó sì gùn tó kìlómítà 157 láti Èkó dé Ìbàdàn. Oṣù Kẹta, 2017 ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, Ààrẹ Muhammadu Buhari sì ṣí i ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹfà, 2021. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, nígbà náà, tí àwọn ará agbègbè Ọ̀tà ti ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ yìí, tí wọ́n sì ti ń fún un lórúkọ.

Ọ̀rọ̀ tí ó dàgbà jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ọkọ̀, omi ni ó sì ti wá. Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, kò sí ojú irin kankan ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ohun tí Yorùbá mọ̀ sí ọkọ̀ nígbà náà ni igi tí wọ́n gbẹ́ nínú, tí ó ń gbé ènìyàn àti ẹrù lórí ọ̀sà àti odò, pẹ̀lú ọkọ̀ ńlá tí àwọn òyìnbó ń wọ̀ lórí òkun. Lórí ilẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù, ẹni tí agbára rẹ̀ bá sì ká a a máa gun ẹṣin. Fún àwọn Àwórì tí wọ́n ni Ọ̀tà, ọkọ̀ lórí omi kì í ṣe ohun tí ó jìnnà. Ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ wọn sọ pé Olófin Ògúnfúnminírẹ̀ tẹ̀lé àwo tí ó ń léfòó lórí odò títí àwo náà fi rì, àti pé láti inú gbólóhùn tí ó sọ pé àwo ti rì ni orúkọ Àwórì ti jáde. Odò Ògùn, tí ìtàn náà rọ̀ mọ́, ni àwọn ọlọ́kọ̀ ń gbà kó epo pupa àti ẹkùrọ́ láti ilẹ̀ Ẹ̀gbá wá sí Èkó kí ojú irin tó gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ wọn. Odò yìí náà ni ó fún Ìpínlẹ̀ Ògùn lórúkọ. Ògún òrìṣà irin, tí ohùn orúkọ rẹ̀ yàtọ̀, kò sí nínú orúkọ ìpínlẹ̀ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn awakọ̀ kì í gbàgbé rẹ̀.

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù pé omi ni ọkọ̀ ti gòkè wà nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká. Wíwà ni wọ́n ń wa ọkọ̀, àjẹ̀ sì ni wọ́n fi ń wà á. Awakọ̀ ni ẹni tí ó ń fi àjẹ̀ ti omi sẹ́yìn. Ẹni tí ó di ọwọ́ ìdarí mọ́tò mú lónìí kò ní àjẹ̀ lọ́wọ́, síbẹ̀ awakọ̀ ni wọ́n ń pè é, ẹni tí ó sì jókòó sínú ẹ́ńjìnnì rélùwéè, tí kò tilẹ̀ ní ọwọ́ ìdarí kankan nítorí pé irin ni ó ń darí ọkọ̀ fún un, awakọ̀ ni òun náà. Gúnlẹ̀ ni ohun tí ọkọ̀ ń ṣe nígbà tí imú rẹ̀ bá kan ilẹ̀ létí omi, ọ̀rọ̀ yìí sì ni oníròyìn ń lò nígbà tí ó bá sọ pé ọkọ̀ ojú irin láti Ìbàdàn ti gúnlẹ̀ sí Èkó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ náà kò kúrò lórí ilẹ̀ láti ìgbà tí ó ti gbéra. Èbúté ni ibi tí ọkọ̀ omi ń gúnlẹ̀ sí, Èbúté Mẹ́ta tí àjọ rélùwéè fi ṣe ibùjókòó sì ti ń jẹ́ orúkọ náà kí ẹnikẹ́ni tó ri irin mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo agbo ọ̀rọ̀ náà ni ó ṣí láti omi wá sí ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe ọkọ̀ nìkan.

Kí ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan tí ó jẹ́ ti omi lè gba ohun tí kì í kan omi? Ìdáhùn tí ó dára jù wà nínú ọ̀rọ̀-ìṣe tí àwọn ènìyàn ń lò. Ní ìdíkọ̀ Ṣàngó, ẹni tí ó ń lọ sí Ìjókò sábà máa ń sọ pé òun fẹ́ gun ọ̀kadà, ṣùgbọ́n wíwọ̀ ni wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì, wíwọ̀ náà sì ni wọ́n ń wọ rélùwéè. Ohun tí wọ́n ń gùn jẹ́ ohun tí ènìyàn ń jókòó lé lórí, bí ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ológeere. Ohun tí wọ́n ń wọ̀ ní inú, ó sì ń fi inú rẹ̀ gbé ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Inú yìí ni ọkọ̀ igi àtijọ́ ní, òun náà ni mọ́tò, bààlúù àti rélùwéè ní. Ẹni tí ó bá sọ pé Yorùbá kàn fi orúkọ ọkọ̀ omi pe ohun tuntun lásán kò tíì wo ọ̀rọ̀ náà dé ìdí: iṣẹ́ tí ọkọ̀ ń ṣe ni orúkọ náà dì mú, ìyẹn gbígbé ohun tí ó wà nínú lọ sí ibòmíràn lábẹ́ ìdarí ẹnìkan. Nígbà tí ohun tuntun kan dé tí ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, orúkọ ti wà nílẹ̀ dè é.

Ohun tí ó kù ni láti sọ ibi tí ọkọ̀ tuntun náà ń gbà. Èdè Yorùbá ti ní ọ̀nà kan tí ó ń gbà ṣe èyí: ọ̀rọ̀ náà ojú, tí ó túmọ̀ sí ẹ̀yà ara tí ènìyàn fi ń ríran, tún ń tọ́ka sí òkè nǹkan tí ó hàn sí gbangba àti ibi tí ohun kan ti ń ṣẹlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ojú ọ̀nà, ojú ọjà, ojú agbo àti ojú omi. Láti ara ọkọ̀ ojú omi ni ọkọ̀ ojú irin ti jáde, pẹ̀lú ìyípadà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ní ìparí. Àwọn kan máa ń sọ pé ìtumọ̀ tààrà láti inú Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ yìí, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀nà irin ni ìbá jẹ́, nítorí pé ọ̀nà ni apá kejì ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà railway ń sọ. Àwọn Faransé ni wọ́n ń pe tiwọn ní ọ̀nà irin ní tòótọ́, àwọn ará Jámánì, Ítálì àti Sípéènì sì ní ọ̀rọ̀ tí ó sún mọ́ ọn. Yorùbá kò sọ ọ̀nà, ojú ni ó sọ, ó sì fi irin sí ipò omi. Ìkọ́lé ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ti ilẹ̀ yìí pátápátá.

Ọ̀rọ̀ kan yẹ kí ó wáyé níhìn-ín nípa àmì ohùn, nítorí pé orúkọ yìí wà lára àwọn tí àìfi àmì sí máa ń bà jẹ́ jù. Ọkọ̀ ni ohun ìrìnnà. Ọkọ ni ẹni tí ó fẹ́ ìyàwó. Ọkọ́ ni irinṣẹ́ àgbẹ̀. Ọ̀kọ̀ ni ohun ìjà tí wọ́n ń jù. Bí wọ́n bá tún yọ àmì abẹ́ ọ̀rọ̀ kúrò, oko tí àgbẹ̀ ń lọ àti òkò tí ọmọdé ń sọ lu ẹyẹ yóò dara pọ̀ mọ́ wọn, a ó sì ní ọ̀rọ̀ mẹ́fà tí wọ́n ń kọ bákan náà. Irin, tí ó jẹ́ ohun èlò alágbẹ̀dẹ, pẹ̀lú ìrìn, tí ó jẹ́ ìgbésẹ̀ ẹsẹ̀, tún wà níwájú. Pátákó tí wọ́n bá kọ sí ibùdókọ̀ láìsí àmì kankan lè yé ẹni tí ó ti mọ ibi tí ó ń lọ, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń kọ́ ìwé kíkà kò ní ohun tí yóò fi mọ èwo ni èwo. Bí àwọn ibùdókọ̀ ojú irin tuntun tí ó wà ní Àgbàdo, Kájọlà àti Pápálántò, tí wọ́n fi orúkọ Lateef Jákàndè, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò àti Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti sọ, ṣe tóbi tó, tí owó tí ó ná ìjọba sì ṣe pọ̀ tó, àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá kò ní fi nǹkan kan kún ìnáwó náà.

Yorùbá kò dá nìkan rìn nínú fífi orúkọ ọkọ̀ omi pe ohun tí ń rìn lórí irin, èyí sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ó dùn mọ́ni jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ní èdè Haúsá, jirgi ni ọkọ̀ omi. Nígbà tí ojú irin dé Kánò, jirgin ƙasa ni wọ́n pe ọkọ̀ orí rẹ̀, ìyẹn ọkọ̀ omi ti ilẹ̀, bààlúù sì di jirgin sama, ọkọ̀ omi ti òkè. Ní èdè Igbo, ụgbọ ni ọkọ̀ omi. Ụgbọ ala ni mọ́tò, ụgbọ elu ni bààlúù, ọkọ̀ ojú irin sì ni ụgbọ oloko. Èdè mẹ́ta tí àwọn tí ń sọ wọ́n jìnnà sí ara wọn, tí wọn kì í fi ọ̀rọ̀ kan náà pe ọkọ̀, gba ọ̀nà kan náà yanjú ìṣòro kan náà. Kò pọn dandan kí ọ̀kan ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ èkejì. Ìgbésí ayé wọn jọra ní apá yìí: ní ilẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹṣin tàbí màlúù ń fà kò ti wọ́pọ̀, ọkọ̀ omi nìkan ni ohun tí ó ní inú tí ènìyàn lè wọ̀ lọ sí ibi jíjìn. Ní Gáná, àwọn tí ń sọ èdè Twi yan ọ̀nà mìíràn. Keteke ni wọ́n ń pe ọkọ̀ ojú irin, orúkọ tí ìró rẹ̀ jọ ìró àgbá irin lórí irin.

Rélùwéè wá láti inú Gẹ̀ẹ́sì, ìrìn rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti ọkọ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà ni railway: ó ti wà ní àkókò tí wọ́n ń fi igi tẹ́ ojú ọ̀nà fún kẹ̀kẹ́ èédú tí ẹṣin ń fà, kí ẹnikẹ́ni tó ronú pé ooru omi lè fa ọkọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wọ inú Yorùbá, ó kúrò lára ọ̀nà ó sì gun orí ọkọ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé rélùwéè ti lọ, ọkọ̀ ni ó ń sọ. Ẹni tí ó bá sọ pé òun ń gbé lẹ́bàá rélùwéè, ọ̀nà ni ó ń sọ. Ẹni tí ó bá sì sọ pé bàbá òun ṣe iṣẹ́ rélùwéè, kò sọ ọ̀nà kò sì sọ ọkọ̀, ilé-iṣẹ́ ìjọba ni ó ní lọ́kàn, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ilé tí ó fi àwọn òṣìṣẹ́ sí àti owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ìtumọ̀ kẹta yìí kò kéré nínú ìtàn. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà ní oṣù Kẹfà, 1945, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tí Michael Imoudu jẹ́ aṣáájú fún wà lára àwọn tí ó ṣe agbátẹrù rẹ̀, láti ìgbà náà ni òṣìṣẹ́ rélùwéè ti jẹ́ orúkọ tí ó ní ìwúwo lẹ́nu àwọn ènìyàn.

Àwọn kan tí wọ́n fẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì wọn mọ́ gaara máa ń bá àwọn àgbàlagbà wí pé wọ́n ṣi ọ̀rọ̀ yìí lò, pé ọ̀nà ni rélùwéè, kì í ṣe ọkọ̀. Ìbáwí náà kò tọ́. Ọ̀rọ̀ tí èdè kan bá yá ti di ti ẹni tí ó yá a, ohun tí ó sì ṣẹlẹ̀ sí rélùwéè ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ìrìnnà mìíràn níhìn-ín láìsí ẹni tí ó pariwo. Mọ́tò ní Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀rọ tí ń yí nǹkan. Ní Yorùbá, òun ni gbogbo ọkọ̀ náà. Ní Íńdíà, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà bogie, tí ó jẹ́ férémù kékeré tí ó gbé àgbá sábẹ́ ọkọ̀ ojú irin, ti di orúkọ gbogbo ilé èrò tí ó wà lórí rẹ̀. Bí orúkọ apá kan bá ń gba odidi mọ́ra báyìí, ọ̀nà tí èdè gbogbo mọ̀ ni.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kò ní ọ̀rọ̀ kan fún ọkọ̀ yìí tí kò rin ìrìn jíjìn. Train jáde láti inú ọ̀rọ̀ Látìn kan tí ó túmọ̀ sí fífà, ó gba inú Faransé wọ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó sì tó kan irin, òun ni etí aṣọ gígùn tí ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn ẹni tí ó wọ̀ ọ́, òun sì ni èrò tí ń tò tẹ̀lé ọlọ́lá. Láti ìdí kan náà ni tìréélà ti wá, nítorí náà awakọ̀ tìréélà tí ó ń kó ọjà jáde ní àwọn ilé-iṣẹ́ Ọ̀tà àti ẹni tí ó ń pe ọkọ̀ ojú irin ní tìréènì ń lo ọmọ ìyá méjì láìmọ̀. Wagon wá láti inú èdè Dọ́ọ̀ṣì, níbi tí ó ti jẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù. Coach gba orúkọ ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Họ́ńgárì, Kocs, tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ gbajúmọ̀ fún kẹ̀kẹ́ ìrìn-àjò tí ẹṣin ń fà. Tram ni ó ní ìtàn tí wọ́n máa ń pa irọ́ mọ́ jù: ọ̀pọ̀ ló gbà pé orúkọ Benjamin Outram, ẹnjiníà Gẹ̀ẹ́sì kan, ni wọ́n gé kúrú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú ihò èédú kí wọ́n tó bí i, igi ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù ni ó sì ń tọ́ka sí. Èkó ní tíráàmù tirẹ̀ nígbà kan. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1902, ó ti Ìdó gba orí Afárá Carter wọ Erékùṣù Èkó, nígbà tí ó sì fi di 1933, wọ́n ti pa á tì. Ọ̀rọ̀ náà bá ọkọ̀ náà lọ, kò sì wọ inú Yorùbá dé ibi tí rélùwéè dé.

Bí èdè bá ń wá orúkọ fún ọkọ̀ yìí, ohun díẹ̀ ni ó máa ń wò. Àwọn ará Ṣáínà wo iná tí ó kọ́kọ́ fà á, wọ́n sì pè é ní huǒchē, ọkọ̀ iná, orúkọ tí àwọn òṣìṣẹ́ CCECC gbé wá sí Kájọlà àti Ìfọ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì tí wọ́n kó wá kì í jó èédú. Àwọn tí ń sọ Súwàhílì wo èéfín, gari la moshi. Àwọn Lárúbáwá ni ó wo bí ó ṣe gùn: ìtòlẹ́sẹẹsẹ ràkúnmí tí wọ́n so mọ́ ara wọn nínú aṣálẹ̀ ni qiṭār kí ó tó di ọkọ̀ ojú irin. Ìwòye Lárúbáwá yìí ni ó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tí ń sọ Yorùbá, nítorí pé òun ni ó fi ọwọ́ kan ohun tí ọkọ̀ ojú irin kò sọ.

Ọkọ̀, láti ìgbà omi rẹ̀, jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí ó dá dúró. Ọkọ̀ méjì lórí ọ̀sà jẹ́ ọkọ̀ méjì, olúkúlùkù pẹ̀lú awakọ̀ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń kọjá ní Ìjókò kì í ṣe ohun kan: ẹ́ńjìnnì kan wà níwájú, ọ̀pọ̀ ilé àgbá sì tò tẹ̀lé e, tí wọ́n fi irin kọ́ mọ́ ara wọn, tí wọ́n lè já ọ̀kan sílẹ̀ ní Ewékorò kí èyí tí ó kù sì máa lọ. Nígbà tí ìròyìn bá sọ pé ọkọ̀ ojú irin méjì yẹ̀ kúrò lójú irin, ẹni tí ó ń gbọ́ ọ kò lè mọ̀ bóyá odidi ọ̀wọ́ méjì ni ó kọlu ara wọn tàbí ilé àgbá méjì péré nínú ọ̀wọ́ kan ni ó yẹ̀. Èkíní jẹ́ àjálù ńlá. Èkejì lè jẹ́ ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ yóò fi ẹ̀rọ gbé padà sórí irin kí ilẹ̀ tó ṣú. Rélùwéè kò ran ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́, nítorí pé ó ti gba ọ̀nà, ọkọ̀ àti ilé-iṣẹ́ mọ́ra, kò sì ní àyè fún kíkà. Àìtó yìí kò hàn nígbà tí ọkọ̀ kan tàbí méjì ń kọjá lóòjọ́. Lónìí, ní Àgbàdo nìkan, ojú irin tóóró àtijọ́ wà, ọkọ̀ Èkó sí Ìbàdàn ń kọjá lórí ojú irin fífẹ̀, ọkọ̀ Red Line ti Ìpínlẹ̀ Èkó tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ṣí ní ọjọ́ 29, oṣù Kejì, 2024 sì ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn kìlómítà 27 rẹ̀ lọ sí Òyìngbò láti ibẹ̀. Kò dára kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo máa jẹ́ fún gbogbo wọn àti fún gbogbo apá wọn.

Kájọlà ni ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti di ti iṣẹ́ ọwọ́. Ní oṣù Kọkànlá, 2019 ni Igbákejì Ààrẹ Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò fi ìpìlẹ̀ ilé-iṣẹ́ tí yóò máa to wágọ̀nù jọ lélẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣe kì í ṣe ọkọ̀ ojú irin, ilé àgbá kọ̀ọ̀kan ni: férémù irin gígùn, àpótí tàbí àgbá epo tàbí pẹpẹ gbalasa tí ó jókòó lé e lórí, bọ́gì méjì tí ó gbé àgbá mẹ́rin mẹ́rin nísàlẹ̀, ìjánu, àti ìkọ́ tí ó wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì tí yóò so ó mọ́ èyí tí ó wà níwájú àti lẹ́yìn. Ọ̀gá iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ fi Yorùbá sọ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé bọ́gì ẹ̀yìn ló ní àléébù, kì í ṣe ti iwájú, tàbí pé ìkọ́ ti wágọ̀nù kẹta kò tíì wọlé dáadáa, gbọ́dọ̀ ní orúkọ fún wọn, nítorí pé ìkọ́ tí kò wọlé lè já lórí ìrìn, ohun tí ó sì wúwo tó bẹ́ẹ̀ kì í dúró ní wéréwéré.

Àwọn tí ó fẹ́ kí gbogbo ọ̀rọ̀ jẹ́ Yorùbá pọ́ńbélé lè dá a lábàá pé kí wọ́n pe odidi rẹ̀ ní ọ̀wọ́ ọkọ̀, nítorí pé ọ̀wọ́ ni èdè ń lò fún ohun tí ó tò tẹ̀lé ara wọn lọ́pọ̀, kí ọkọ̀ ojú irin sì di orúkọ ilé àgbá kan. Ìmọ̀ràn náà bá ìtumọ̀ ọkọ̀ mu, ó sì sún mọ́ ohun tí àwọn Lárúbáwá ṣe, ṣùgbọ́n ó pẹ́ jù. Ọkọ̀ ojú irin ti dì mọ́ odidi láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì sí ẹni tí ó dúró ní ibùdókọ̀ Ìjókò tí yóò sọ pé ọ̀wọ́ ọkọ̀ ti dé. Ohun tí ó ṣeé ṣe ni kí odidi máa jẹ́ ọkọ̀ ojú irin, kí èyí tí ń fa ìyókù máa jẹ́ ẹ́ńjìnnì gẹ́gẹ́ bí ó ti ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, kí ilé àgbá tí ń gbé èrò máa jẹ́ kóòṣì, kí èyí tí ń gbé ẹrù máa jẹ́ wágọ̀nù, kí rélùwéè sì máa jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ àti ti ẹnu ọjà bí ó ti wà. Kóòṣì àti wágọ̀nù jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá, gẹ́gẹ́ bí bọ́ọ̀sì àti mọ́tò ti jẹ́, bí àwọn Faransé pàápàá sì ti yá wagon lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ìgbà ojú irin. Bí oníròyìn bá wá kọ̀wé láti Ìfọ̀ pé wágọ̀nù méjì lára ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù kan yẹ̀, tí kóòṣì kankan kò sì sí nínú rẹ̀, ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ Ìbàdàn láàárọ̀ yóò ti mọ̀ kí ó tó ka ìròyìn náà tán pé kò kan ọkọ òun.